Omi Dànù, Agbè Náà Sán

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí èrò fi ń wọlé tí wọ́n ń jáde nílé wa ní Kẹ́mta, ní Abẹ́òkúta, gbólóhùn kan ló pọ̀ jù létí mi: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Láti ẹnu ọ̀nà ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ bọ̀. Àwọn mìíràn á kọ́kọ́ ní "Ẹ kú àráfẹ́rakù," wọn á mí kanlẹ̀, wọn á wá sọ ọ́. Kò ṣàjèjì sí mi. Èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin rí, tinútinú sì ni mo fi sọ ọ́. Ohun tó ń sọ ni pé ọmọ ló lọ, ìyá ṣì wà. Agbè tí kò bá fọ́ á tún padà sódò. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹta yẹn, mo jókòó sórí ẹní, mò ń wo èékánná mi tí aró ti wọ̀ délẹ̀, ohun tí mo sì ń sọ nínú mi ni pé: ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ò yẹ agbè yìí wò dáadáa. Ó ti sán.

Mi ò ní í kọ orúkọ ọmọ náà síbí. Kì í ṣe pé ẹ̀rù orúkọ náà ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni mo ń pè é. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ó kà á kọjá bí ẹ ṣe ń ka orúkọ ẹlòmíràn ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á kọjá.

Obìnrin ni. Ọdún 2005 ni mo bí i, òun ni àkọ́bí mi. Oṣù keje ọdún 2016 ló kú, ọmọ ọdún 11. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS, àrùn tí Yorùbá ń pè ní fọ̀níkúfọ̀ladìde.

Orúkọ tí àwọn baba wa fún àrùn náà bá a mu. Ẹni tó bá ti bá a gbélé rí á mọ̀. Lọ́sàn-án ọmọ ń sáré kiri àgbàlá, ó ń kọrin. Tó bá di òru, á ké lójijì bí ẹni tí àkekèé ta, á di ẹsẹ̀ mú, tàbí àyà, tàbí ẹ̀yìn. Àwọn dókítà ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto ló ń tẹ̀ bíi dòjé, bó bá sì ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa há sójú iṣan, ibi tó bá há sí ni ìrora á ti bẹ̀rẹ̀. Òtútù lè fà á. Ibà lè fà á. Kí ọmọ má mumi tó lè fà á. Bí ilé wa ṣe di ilé omi àti ìbọ̀sẹ̀ nìyẹn: ike omi pupa kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, fólíìkì láràárọ̀, oògùn tí kì í jẹ́ kí ibà wọlé, súwẹ́tà nínú ọyẹ́ nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn ń sáré kiri láìwọ ẹ̀wù.

Iṣẹ́ àdìrẹ ni mò ń ṣe. Lọ́wọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ, òun náà kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ni ìkòkò aró wà, ṣọ́ọ̀bù wà ní Ìtòkú. Mo ṣe é léèwọ̀ fún ọmọ mi láti ki ọwọ́ bọ aró, nítorí pé omi inú rẹ̀ tutù, ìdí nìyẹn tí mo fi fi í sídìí dídì. Àdìrẹ oníko ni mo kọ́ ọ: kí ó fa aṣọ sókè ní ṣóńṣó, kí ó fi ìko wé e, kí ó fún un, kí ó so ó. Bí a bá rẹ aṣọ náà tán tí a tú u, gbogbo ibi tí ìko ti dì á funfun, á rí roboto bí òṣùpá. Oṣù bàm̀bà là ń pe èyí tó bá tóbi. Kó tó pé ọmọ ọdún 9, ìdì rẹ̀ ti le ju ti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lọ.

Ohun mìíràn tó fẹ́ràn ni kí ó dúró tì mí nígbà tí mo bá ń fa aṣọ jáde. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yìí á rò pé dúdú ni aṣọ ń bá jáde nínú aró. Rárá o. Àwọ̀ ewé ló máa ń gbé jáde. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró níṣojú ẹni. Ọmọ mi á dúró lókèèrè díẹ̀, kí omi má baà ta sí i lára, á máa kà: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Nígbà tó bá rí i pé àwọ̀ ewé ti tán pátápátá, á ní, "Ó ti dé, Màmi."

Mo fẹ́ sọ èyí tó ṣòro jù kí n tó lọ síwájú, kí ẹ má baà rò pé aláìṣẹ̀ kan ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 2003, nígbà tí èmi àti bàbá ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó, ìjọ ní kí a lọ yẹ jẹ́nótáìpù wa wò. A lọ. AS ni èmi, AS ni òun: àìsàn náà kò ṣe wá, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì gbé e sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ló jẹ́ AS, nítorí náà kì í ṣe nǹkan ìyanu kí méjì pàdé ara wọn. Nọ́ọ̀sì tó fún wa ní èsì fà wá jókòó, ó ṣàlàyé pé bí mo bá ti lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣi èyí gbọ́. Wọ́n rò pé bí tọkọtaya bá bí ọmọ mẹ́rin, ọ̀kan á jẹ́ bẹ́ẹ̀, mẹ́ta á bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ló ní ìdá kan nínú mẹ́rin tirẹ̀, bí ẹni tún tẹ́tẹ́ ta láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó yé wa yékéyéké. Ṣùgbọ́n a ti ń fẹ́ra sọ́nà láti ọdún mẹ́rin, àwọn ẹbí ti mọ ara wọn, a ti sanwó aṣọ. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àfẹ́sọ́nà mi mú ìwé mìíràn wá. AA, ẹ̀jẹ̀ tí kò gbé àrùn náà rárá, ló wà níwájú orúkọ rẹ̀. Mi ò bi í pé níbo ló ti rí i. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé e sórí tábìlì àlùfáà.

A gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí. Ìgbàgbọ́ la pè é. Irọ́ la pa, a wá ní kí Ọlọ́run bá wa fọwọ́ sí i.

Òjò pọ̀ lóṣù keje tí mo wí yìí. Ibà ló kọ́kọ́ mú un, ìrora tẹ̀ lé e, a gbé e lọ sí ọsibítù lóru. Wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ wọn ká. Ní ìdájí ọjọ́ kẹta, ó ní kí n bá òun bu omi. Kí n tó gbé ike dé, ó ti lọ.

Ọ̀fọ̀ ni ikú ọmọdé lọ́dọ̀ wa. Wọn kì í gbé e pẹ́ nílẹ̀, òbí kì í sì í dé ibi sàréè ọmọ. Àwọn àbúrò ọkọ mi ló lọ sin ín. Nígbà tó lé lọ́dún kan, èyí àbíkẹ́yìn nínú wọn mú mi lọ síbẹ̀ láìjẹ́ kí àwọn àgbà gbọ́. Ó fi ìka tọ́ka sí i, ó padà sẹ́yìn, ó kọjú sí ọ̀nà títí mo fi ṣe tán. Bí a ṣe ń bọ̀ kò sọ nǹkan kan. Títí dòní, bí mo bá rí i, ọkàn mi máa ń súre fún un kí ẹnu mi tó kí i.

Àwọn ará ìjọ wá, wọ́n pọ̀. Mi ò ní í ba ìfẹ́ wọn jẹ́, nítorí pé òjò ni wọ́n rìn nínú rẹ̀ wá. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bà mí nínú jẹ́. Ẹnìkan ní kí n nu ojú mi nù, pé onígbàgbọ́ kì í sunkún bí abọ̀rìṣà. Ẹnìkan ní kí n ṣọ́ra kí ẹ̀mí ìbànújẹ́ má baà fi mí ṣelé. Òmíràn ní kí n tètè lóyún mìíràn, pé ìyẹn ni ẹ̀rí. Mo dáwọ́ ẹkún dúró lóòótọ́. Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mi ò fi sunkún níwájú ẹnikẹ́ni. Mò ń lọ sí ìsìn, mò ń pàtẹ́wọ́, mò ń dáhùn "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Bí mo bá délé, mi ò lè gbé omi mì.

Ó pẹ́ kí n tó lọ wo ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Tẹsalóníkà gan-an. Kò sọ pé kí a má banújẹ́. Ó ní kí a má banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì. Olúwa fúnra rẹ̀, ní ẹnu ibojì Lásárù, ó mọ̀ pé láìpẹ́ ọkùnrin náà á dìde. Ó mọ̀, síbẹ̀ "Jésù sọkún." Bí ẹni tó ní àjíǹde lọ́wọ́ bá lè sunkún, ta ni wá tí a fi ń gba ẹkún lójú ìyá ọmọ?

Ẹni tó kọ́ mi ní oore-ọ̀fẹ́ kò mọ̀wé. Ìyá arúgbó kan ni, tó ń ta láfún ní ẹ̀gbẹ́ ọjà, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ló máa ń jókòó nínú ìjọ wa. Kò wá nígbà tí èrò ń wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí ilé ti dá, ló yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó." Ó wò mí fún ìgbà díẹ̀. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sí ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ tí ó ń gbálẹ̀. Mo gbọ́ ariwo abọ́ tí a kò tíì fọ̀ láti ọjọ́ márùn-ún. Aró inú ìkòkò mi ti bàjẹ́, òórùn rẹ̀ ti gba àgbàlá. Òun ló dà á nù, ó ṣan ìkòkò, ó da ojú rẹ̀ délẹ̀ kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Nígbà tó tún yọ, láfún gbígbóná àti ewédú ló gbé dání. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Dìde, jẹun."

Bí mo bá ní ká wá a nínú Bíbélì, ibi tí Èlíjà ti sá lọ sí aginjù ni mo ti rí i, níbi tó ti ní kí Ọlọ́run kúkú gba ẹ̀mí òun. Áńgẹ́lì tí Ọlọ́run rán sí i kò wàásù fún un. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní kí ó dìde, kí ó jẹun. Àkàrà wà níbẹ̀, omi wà níbẹ̀. Wòlíì náà jẹ, ó mu, ó tún sùn. Áńgẹ́lì jẹ́ kí ó sùn.

Nǹkan bí ogún ọjọ́ ni ìyá yìí fi ń wá. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Ó bi mí pé irú àìsàn wo ló ń ṣe ọmọ náà gan-an. Mo sọ fún un: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tó máa ń wú nígbà tó wà ní jòjòló, ojú tó máa ń pọ́n bí ìyeyè, ìrora òru. Ó dákẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ló sọ pé ọmọ mẹ́ta lòun ti sin, tí ọwọ́ wọn wú bẹ́ẹ̀, tí ojú wọn pọ́n bẹ́ẹ̀, pé àbíkú ni wọ́n ní wọ́n jẹ́. Wọ́n fi abẹ sàmì sí èyí ìkẹyìn lára lẹ́yìn ikú kí ó má baà tún wá dá a lóró. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn onímọ̀ kan gbà báyìí pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí ìgbà àtijọ́ pè ní àbíkú, àrùn ẹ̀jẹ̀ yìí ló ń pa wọ́n. Mo ṣàlàyé ẹ̀jẹ̀ AS fún un, ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fún wa lọ́dún 2003. Ó ní, "Wọn ò bínú sí mi nígbà náà?" Mo ní, "Wọn ò bínú sí yín, mà. Ara ń ro wọ́n ni." Àwa méjèèjì sunkún lọ́sàn-án yẹn, ẹkún tó dún dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò, kò sì sẹ́ni tó ní kí a dákẹ́.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé oore-ọ̀fẹ́ kò lé ọ̀fọ̀ jáde nílé mi. Ó wọlé, ó bá a jókòó, ó fọ abọ́.

Àwọn ìgbà kan wà tí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gún mi bí ọ̀bẹ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, a lọ ṣe ìsìn ní Aké, ní Kàtídírà Pétérù Mímọ́. Oníwàásù sọ ìtàn Àjàyí Crowther àti ìyá rẹ̀, ìtàn tí gbogbo ọmọ Abẹ́òkúta mọ̀: bí wọ́n ṣe kó ọmọ náà lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, bí òun àti ìyá rẹ̀ ṣe tún pàdé nílùú wa níbí lọ́dún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, bí ìyá náà ṣe wà lára àwọn àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1848, tó di Hannah. Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Èmi dìde, mo jáde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn níta. Ohun tí mò ń bi Ọlọ́run kò ju ọ̀kan lọ: tirẹ̀ lo dá padà, tèmi ńkọ́?

Mi ò gbọ́ ohùn kankan. Mo kàn jókòó títí ìbínú fi rẹ̀ mí. Ìgbà tó rẹ̀ mí tán ni mo wá ronú kan ọdún 25 náà, tí oníwàásù fi èémí kan ṣoṣo sọ. Obìnrin yẹn kò mọ̀ pé ọmọ ń bọ̀. Ó jí láràárọ̀ fún ọdún 25 gẹ́gẹ́ bí ìyá ọmọ tí kò sí nílé. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé nígbà tí àwọn méjèèjì rí ara wọn, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìlè sọ̀rọ̀, omi ń dà lójú ìyá òun. Àní ẹni tí a dá tirẹ̀ padà fún, omijé ló ṣáájú ọ̀rọ̀. Ìyẹn kò dá mi lóhùn o. Àmọ́ mo dìde lórí àtẹ̀gùn, mo padà wọlé, mo bá wọn kọ orin ìkẹyìn.

Ìwé irọ́ tí a gbé fún àlùfáà yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Kò sí ọjọ́ tí mi ò ronú pé nítorí rẹ̀ ni Ọlọ́run fi gba ọmọ náà, pé gbèsè la jẹ, ọmọ ló san án. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ jẹ́wọ́. Inú bí i. "Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe nísinsìnyí?" Láti ìgbà tí ọmọ ti kú, pálọ̀ ló ń sùn, ó ń ṣàtúnṣe ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ títí di aago méjì òru. Èmi rò pé ọkàn rẹ̀ le ni. Ní òru ọjọ́ kan nínú Lẹ́ńtì, ó wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Orúkọ tèmi ló wà lórí ìwé náà. Mo máa bá ọ lọ."

Àlùfáà tí a bá kọ́ ló so wá pọ̀. Wọ́n ti gbé onítọ̀hún lọ síbòmíràn. Ọkọ mi ló sọ̀rọ̀, èmi ń wolẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́ tán, àlùfáà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí tábìlì, ibi tí mo gbé ìwé sí níjọ́sí gan-an. Ó ní, "Ṣé ẹ rò pé Ọlọ́run pa ọmọ yín nítorí ìwé?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ó ka ibi tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti bi Jésù léèrè lórí ọkùnrin tí a bí ní afọ́jú, pé ta ló ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀, tí Olúwa sì ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Kò sọ fún wa pé ohun tí a ṣe kéré. Ó ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹ jẹ́wọ́ rẹ̀, Ọlọ́run sì ti dárí jì yín. Ṣùgbọ́n sàréè ọmọ yín kì í ṣe ìwé ìdájọ́." Ó gbàdúrà lé wa lórí. Mo rò pé ara mi á fúyẹ́ lójú ẹsẹ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń jẹ́rìí. Kò fúyẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a délé, mo sùn láti aago méjìlá ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú.

Báyìí, bí ìjọ bá ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó, wọ́n máa ń pè wá. A máa ń mú èsì wa tòótọ́ dání, a ó sọ ìtàn wa láìfi nǹkan pa mọ́, a ó sọ fún wọn pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni wọ́n máa ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà, pé ìyá kọ̀ọ̀kan wọn ló mọ bí òru ṣe ń gùn. Àwọn kan ti tìtorí ọ̀rọ̀ wa pín yà. Ọmọbìnrin kan kò kí mi fún odidi ọdún kan. Mi ò bá a bínú.

Ibi kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tí mi ò tíì lè tú, mo sì fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí a bá ti ṣe ohun tó tọ́ lọ́dún 2003, mi ò bá tí bí i. Kò ní sí ike omi pupa, kò ní sí ẹni tó ń ka aṣọ lẹ́yìnkùlé. Mo ronúpìwàdà irọ́ náà, tọkàntọkàn ni mo sì ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má ṣe bíi tiwa. Àmọ́ bí mo bá kúnlẹ̀, mi ò lè gbàdúrà pé kí n má bí i. Mo ti gbìyànjú, ẹnu mi kọ̀. Inú ohun tí a ṣe ní wíwọ́ ni Ọlọ́run ti fún mi ní ọmọ tó dára jù tí ojú mi rí, fún ọdún 11. Ìrora tó jẹ ẹ́ kì í ṣe ẹ̀bùn, mi ò ní í gbà kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ẹ̀bùn. Bí kì í bá ṣe èyí ni oore-ọ̀fẹ́, a jẹ́ pé mi ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí.

Ọ̀fọ̀ kì í pariwo lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Inú nǹkan kéékèèké ló ń gbé. Ẹlẹ́gbẹ́ ọjà tuntun á bi mí pé, "Ọmọ mélòó lẹ ní?" Òtítọ́ ni pé Yorùbá kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ṣùgbọ́n ayé ti yí, wọ́n ń bèèrè. Nígbà àkọ́kọ́, mo ní ọ̀kan, nítorí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí a bí lọ́dún 2009, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ó dà bí ẹni pé mo tún un sin. Láti ìgbà náà, méjì ni mò ń wí. "Méjì ni, ọ̀kan ti lọ sọ́dọ̀ Olúwa." Bí ẹni náà kò bá mọ ohun tó máa sọ, mo máa ń jẹ́ kó dákẹ́.

Aṣọ kan wà. Èyí tí ọmọ mi ń dì lọ́wọ́ nígbà tí ibà mú un ni, ọ̀pá méjì aṣọ funfun. Mo fi nylon wé e, mo gbé e sókè pẹpẹ. Mi ò rẹ ẹ́, mi ò tú u. Ìka rẹ̀ ló so ìko yẹn.

Lọ́dún 2018, a gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí fún ìgbéyàwó kan, iṣẹ́ náà sì ń lé wa. Mo lọ sí ọjà Kútọ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan, ọmọ ọdún 16 láti ìgbèríko Ọ̀dẹ̀dá, tí kò tíì pé oṣù méjì lọ́dọ̀ mi, wá aṣọ tó kù káàkiri ilé, ó rí èyí lórí pẹpẹ, ó rò pé ara iṣẹ́ ni. Nígbà tí mo wọ àgbàlá, ó wà lórí okùn láàárín àwọn yòókù, ó ń kán tó, tó, tó.

Mi ò lè kọ gbogbo ohun tí mo sọ sí ọmọ náà. Mo ní kó kó ẹrù rẹ̀ kó máa lọ sílé ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, kò mọ ohun tí òun ṣe, ó sáà ń wí pé, "Ẹ dárí jì mí, mà. Mi ò mọ̀ ni, mà." Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Láti inú yàrá ni mo ti ń gbọ́ tó ń fà imú, tó ń ká aṣọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ tó fa síìpù àpò.

Mo rántí tábìlì àlùfáà. Èmi ò lè sọ pé mi ò mọ̀ lọ́jọ́ tèmi.

Mo jáde. Mo ní, "Sọ àpò yẹn kalẹ̀. Bá mi mú abẹ wá." A tẹ́ ẹní sábẹ́ okùn, a gbé aṣọ náà lé ẹsẹ̀ wa. Ìko tó bá ti mumi máa ń wú ni, ó máa ń ṣòro láti tú, bí ọwọ́ bá sì yẹ̀ díẹ̀, abẹ á ya aṣọ. Mo fi bí wọ́n ti ń ki ẹnu abẹ bọ abẹ́ ìko hàn án, mo ní kó máa tú ti ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Ìdì 27 ló wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn funfun báláú. Mẹ́rin, lẹ́bàá ìṣẹ́tí, kò fún dáadáa. Aró ti yọ́ wọlé, òṣùpá wọn ti rẹ̀ dòdò, ẹ̀gbẹ́ kan dúdú, ẹ̀gbẹ́ kan bí èéfín. Mo mọ̀ pé èyí tó dì kẹ́yìn nìyẹn, nígbà tí ìka ti ń ro ó. Mo fi àtàǹpàkò mi sórí wọn níkọ̀ọ̀kan.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní, "Ta ló dì í, mà?"

Mo sọ orúkọ rẹ̀ fún un. Ó tún un pè lẹ́ẹ̀mejì, rọra, kí ó lè mọ̀ ọ́n pè. Lẹ́yìn náà ni àwa méjèèjì di etí aṣọ mú, a nà án sínú afẹ́fẹ́. Àárín rẹ̀, níbi tó ti ká mọ́ra, ṣì ní àwọ̀ ewé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà.